Òjò ń rọ̀, àgbàdo ń gbẹ: Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sóko wa láti Kétu dé Ṣábẹ?

Bí òjò bá ti dá fún ọjọ́ mẹ́wàá pere lẹ́yìn tí àwọn èèyàn ti gbin àgbàdo, ohùn á ti máa rìn kiri lórí WhatsApp láti Kétu dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ẹnì kan á ní àwọn tó ń la ọ̀nà ló so òjò rọ̀ kí iṣẹ́ wọn má baà bàjẹ́. Ẹlòmíì á ní olówó kan ló fẹ́ sìnkú bàbá rẹ̀, ló bá ní kí wọ́n bá òun mú òjò dání títí ìnáwó á fi parí. Ẹni kẹta, tó ti gbọ́ rédíò, á ní “àyípadà ojú ọjọ́” ni, á sì dákẹ́ síbẹ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ta ni kí ẹni tó ní oko wá gbọ́ nínú wọn?

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ lóko gan-an?

Ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀, ìgbà òjò méjì la ní lọ́dún. Ti àkọ́kọ́, tó pọ̀ jù, máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kẹta, á sì parí láàárín oṣù keje. Òjò á wá sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Ti kejì á gbérí nínú oṣù kẹsàn-án, á rọ̀ dé ìparí oṣù kẹwàá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, kí ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́ tó wọlé. Orí ètò yìí ni gbogbo iṣẹ́ oko Kétu, Pobẹ̀ àti Sakété dúró lé: àgbàdo lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹ̀wà, ẹ̀pà tàbí àgbàdo ẹ̀ẹ̀kejì. Ṣábẹ, tó wà lókè díẹ̀, ò ṣe tibí, ò ṣe tọ̀hún. Lọ́dún mìíràn, wọ́n á rí ìsinmi oṣù kẹjọ. Lọ́dún mìíràn, òjò wọn á rọ̀ mọ́ra bíi ti àwọn ará àríwá, tó jẹ́ ìgbà òjò kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀.

Ohun tí àwọn àgbẹ̀ ń ráhùn lé lórí ni pé ètò náà ò ṣeé gbọ́kàn lé mọ́. Òjò á rọ̀ lóṣù kẹta, wọ́n á gbìn. Òjò á dá fún ọ̀sẹ̀ méjì, irúgbìn á kú. Wọ́n á tún un gbìn.

Mo bá ìyá kan lóko lójú ọ̀nà Ìlárá níbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún. Ó fi ìka wa ilẹ̀ pupa náà, ó yọ hóró àgbàdo mẹ́ta jáde. Ọ̀kan ti wú, ó ti yọ gbòǹgbò funfun tínńtín bí abẹ́rẹ́, gbòǹgbò náà sì ti gbẹ, orí rẹ̀ ti dúdú. Méjì yòókù, èèrà ti kó inú wọn, èèpo nìkan ló kù. “Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbìn ín,” ló wí. “Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta tí mo fẹ́ gbìn yìí, ọwọ́ àna mi ni mo ti yá a.”

Ṣé òjò ti dín kù ni?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú. Ẹni tó bá ṣí ìwé ibi tí wọ́n ti ń wọn òjò, tó sì ro òjò ọdún kan pọ̀, lè má rí ohun tó dín kù. Láàárín ọdún 1970 sí 1990 ni òjò wọ́n gan-an ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn àgbà ò gbàgbé 1983, tí ọ̀dá àti iná oko jọ dé, ọdún yẹn kan náà tí Nàìjíríà ní kí àwọn àjèjì máa lọ, tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa di ẹrù lé orí padà wálé. Láti bí ọdún 1990 síwájú, òjò ti ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Nítorí náà, bí òṣìṣẹ́ kan bá sọ fún àgbẹ̀ pé “òjò ò dín kù”, tí àgbẹ̀ náà sì yarí pé irọ́ ni, ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì máa sọ òótọ́. Àròpọ̀ ọdún ni ọ̀kan ń wò. Ìgbà tí òjò rọ̀, àti bó ṣe rọ̀, ni èkejì ń wò. Ká ní òjò mẹ́rin rọ̀ láàárín oṣù kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ milimítà 15, ilẹ̀ á mu ún, àgbàdo á jẹun. Bí milimítà 60 yẹn bá ya lulẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, tí kò sì sí nǹkan kan mọ́ títí oṣù fi parí, àgbàrá lọ́jọ́ náà ni, ọ̀gbẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ìwé, iye kan náà ni wọ́n.

Ooru ní tiẹ̀ kò ní àríyànjiyàn. Ó ti lé sí i, lóru àti lọ́sàn-án, ilẹ̀ sì ń tètè gbẹ lẹ́yìn òjò ju bó ṣe ń gbẹ tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìgbà wo ni wọ́n tó lè sọ pé òjò ti bẹ̀rẹ̀?

Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ní òṣùwọ̀n tiwọn, ó sì dáa ká mọ̀ ọ́n nítorí òun ló wà nídìí ọ̀pọ̀ ìkìlọ̀ tí rédíò ń kà. Milimítà òjò kan jẹ́ omi lítà kan lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì gùn ní mítà kan. Òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ wọn ń lò ni pé òjò tó tó milimítà 20 gbọ́dọ̀ rọ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kó má sì sí ọ̀dá tó ju ọjọ́ méje lọ nínú ọgbọ̀n ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Lítà ogún lórí mítà kan: ìyẹn kò tó bìdọ́n epo ńlá kan.

Ẹ ó ti rí ìṣòro tó wà nínú òṣùwọ̀n yìí. Apá àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣeé wọ̀n lónìí. Apá kejì, lẹ́yìn oṣù kan lèèyàn tó lè mọ̀ ọ́n. Àgbẹ̀ tó rí òjò milimítà 25 lónìí kò lè mọ̀ bóyá ìbẹ̀rẹ̀ ni tàbí ẹ̀tàn. Bó bá dúró kó lè dá a lójú, ìgbà ń lọ. Bó bá sáré gbìn, ó lè pàdánù irúgbìn. Àwọn baba wa náà ní òṣùwọ̀n tiwọn: igi osè tó rúwé, afẹ́fẹ́ tó yí láti òkun, ìró ààrá níhà kan pàtó. Ohun tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà Kétu ń sọ báyìí ni pé àwọn àmì yẹn ṣì ń hàn, òjò ni kì í tẹ̀ lé wọn mọ́.

Kí ló dé tó jẹ́ àgbàdo ló kọ́kọ́ ń jìyà?

Gbágùúdá lè fara dà á. Bí omi bá tán, á gbọn ewé dànù, á dákẹ́ sínú ilẹ̀, á sì tún yọ tí òjò bá dé. Àgbàdo ò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe ń pọnmọ. Òdòdó tó wà lórí rẹ̀ ni akọ. Òun ló ń tú ìyẹ̀fun sílẹ̀. Irun tó ń yọ lẹ́nu ọmọ àgbàdo ni abo. Irun kọ̀ọ̀kan ló ní hóró tirẹ̀: bí ìyẹ̀fun ò bá kan irun kan, ojú hóró yẹn á ṣófo. Nígbà tí omi bá tó, akọ àti abo á jáde láàárín ọjọ́ díẹ̀ síra wọn. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú un lásìkò yẹn, irun á pẹ́ kó tó yọ, ìyẹ̀fun á sì ti fẹ́ dànù kó tó dé. Ẹ ó bọ́ èèpo àgbàdo náà tán, ẹ ó rí i pé eyín rẹ̀ ti ká. Ọ̀sẹ̀ méjì tó yí ìgbà yìí ká ṣe pàtàkì ju gbogbo oṣù tó ṣíwájú rẹ̀ lọ. Oko tó tutù yọ̀yọ̀ títí dé ọjọ́ 50 ṣì lè fún èèyàn ní ìdajì àpò péré.

Ooru náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀, yàtọ̀ sí ti omi. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2011, tí wọ́n fi ṣàyẹ̀wò ìdánwò àgbàdo tó lé ní 20,000 káàkiri Áfíríkà, wọ́n rí i pé fún ìwọ̀n ooru 1 tó bá ju 30°C lọ ní ọjọ́ kan, ìkórè ń fi ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún dín, bí omi tilẹ̀ tó. Bí omi ò bá tó, ó ń di ìdá 1.7.

Ọ̀tá kẹta wà. Ìdin tí àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ń pè ní chenille légionnaire wọ apá ọ̀dọ̀ wa láti Amẹ́ríkà lọ́dún 2016. Ọkàn àgbàdo ló ń wọ̀ lọ jẹ. Òjò ńlá máa ń fọ àwọn kéékèèké dànù, ó sì ń rì wọ́n. Nígbà tí òjò bá dá, kò sẹ́ni tó ń dá wọn lẹ́kun.

Ta ló wá so òjò?

Inú òkun ni òjò wa ti ń wá. Afẹ́fẹ́ olómi láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn máa ń wọ ilẹ̀, á pàdé afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti Sàhárà, ìyẹn ọyẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń pàdé kì í dúró lójú kan: ó ń bá oòrùn gòkè lọ sí àríwá, ó sì ń bá a padà bọ̀. Bó bá ń gòkè, òjò wa àkọ́kọ́ nìyẹn. Bó bá dé Sàhẹ́lì lóṣù kẹjọ, tí omi òkun wa sì tutù lákòókò kan náà, òjò tiwa á dáwọ́ dúró. Bó bá ń padà, òjò kejì dé.

Òjò kì í dá ní Kétu nìkan. Nínú oṣù kẹjọ tó bá dá ní Kétu, ẹ bi àwọn ará Kútọnu àti Lomé léèrè. Àwọn tó gbà pé wọ́n ń so òjò ní ẹ̀rí tiwọn tí wọ́n ń tọ́ka sí, mi ò sì ní bá wọn jà lórí ọjọ́ kan, ní ojúbọ kan. Àmọ́ ẹni tó bá so òjò láti Lomé dé Kétu, okùn ọwọ́ rẹ̀ gùn.

Ohun tó ń yí ètò náà padà ni ooru ayé. Láàárín ọdún 2011 sí 2020, ayé fi bí 1.1°C gbóná ju bó ṣe wà láàárín 1850 sí 1900. Ó jọ nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá fi 1°C gbóná sí i, ó lè gba omi sínú tó bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ á fa omi lára ilẹ̀ àti ewé kíákíá, á sì ya á lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tó bá tú u sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gbẹlẹ̀ àti àgbàrá fi lè jọ pọ̀ sí i lọ́dún kan náà, ọ̀rọ̀ tó máa ń jọ irọ́ létí ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Wọ́n ṣì ń kọ́ nípa òjò wa. Lóṣù kẹfà àti oṣù keje ọdún 2016, àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ wa àti láti Yúróòpù gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sí ibi mẹ́ta: Kumasi ní Gánà, Ilé-Ifẹ̀ àti Ṣábẹ. Wọ́n fẹ́ mọ̀ nípa àwọsánmà ìsàlẹ̀ tó ń bo ojú ọ̀run lóru tí kì í tú ká títí di ọ̀sán, nítorí òun ló ń pinnu iye oòrùn tó ń kan ilẹ̀. Àwọn ará Ṣábẹ tó ń jí wo àwọsánmà yẹn lórí òkè wọn láti kékeré ò mọ̀ pé ó ní ìwé lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀.

Ṣé ẹ̀bi àwọn òyìnbó ni, àbí ẹ̀bi àwa tí à ń gé igi?

Àríyànjiyàn yìí gbóná. Apá kan ní èéfín ilé-iṣẹ́ àti mọ́tò àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ló fà á. Wọ́n sì ní ẹ̀rí, nítorí gáàsì tí gbogbo Áfíríkà ń tú sí afẹ́fẹ́ kò tó ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún ti ayé. Apá kejì ní ká wo èédú tí ọkọ̀ ń kó láti Kétu àti Ṣábẹ lọ sí Àjàṣẹ́ àti Kútọnu lójoojúmọ́, ká wo ohun tó ṣẹ́ kù nínú igbó ọba Kétu.

Nǹkan méjì ni wọ́n ń sọ, àmọ́ wọ́n máa ń dà á pọ̀ mọ́ra. Igi gígé ní Kétu nìkan kò lè yí òjò tó ń bọ̀ láti òkun padà fún gbogbo etíkun. Ṣùgbọ́n ó lè mú kí ilẹ̀ Kétu gan-an gbóná sí i, kí àgbàrá kó ìlẹ̀dú lọ, kí omi tó rọ̀ má sì wọlẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ń fi sílẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá láti sinmi nígbà kan rí, kò sinmi ọdún méjì mọ́. Oko méjì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lábẹ́ òjò kan náà, kí ọ̀kan máa pọ́n nígbà tí èkejì ṣì ń dán. Èyí tó ń pọ́n yẹn, kì í ṣe òjò nìkan ló ṣe é.

Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé gbé kalẹ̀ lórí ojú ọjọ́, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ IPCC, sọ pé àyípadà ojú ọjọ́ ti fa ìdàgbàsókè iṣẹ́ oko Áfíríkà sẹ́yìn ní ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọdún 1961. Lóṣù kejì ọdún 2024, nígbà tí ooru tó kún fún ọ̀rinrin bo etíkun wa mọ́lẹ̀, àwọn onímọ̀ ṣírò ó pé àyípadà ojú ọjọ́ fi bí 4°C kún un. Lórí òjò ọjọ́ iwájú, ẹnu wọn ò kò: àwọn kan ń rí òjò púpọ̀ sí i fún apá ọ̀dọ̀ wa, àwọn kan ń rí kékeré. Ooru tó ń lé sí i àti òjò tó ń ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí.

Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá wà, omi wo ló ń ya lu oko ní Wẹ̀mẹ̀?

Omi àwọn ará òkè ni. Odò Wẹ̀mẹ̀ ń ṣàn láti àríwá, ó gba ẹ̀bá Ṣábẹ kọjá, ó sì ń kún jù lóṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá. Ó lè bo oko Dangbo àti Adjohoun lọ́sẹ̀ tí òjò ò rọ̀ rárá ní Àjàṣẹ́. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kì í bá omi yẹn ṣọ̀tá. Bó bá ń fà, wọ́n á máa gbin nǹkan tẹ̀ lé e lórí ẹrẹ̀ dúdú tó fi sílẹ̀. Kó tètè dé kí wọ́n tó kórè, tàbí kó pọ̀ kọjá ààlà, ni wọ́n ń bẹ̀rù. Lọ́dún 2010, àkúnya omi kan ju ìdajì àwọn kọ́múùnù 77 tó wà ní Bẹ̀nẹ̀ lọ.

Ṣé ojú ọjọ́ ló gbówó lé àgbàdo lọ́jà Wàǹdó?

Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà mìíràn, òun kọ́, bí àwọn tó ń tà á tilẹ̀ ń fi òjò ṣe àwíjàre. Tóńgólò àgbàdo, ìyẹn abọ́ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n lọ́jà, lè gbówó lórí nítorí pé Nàìjíríà ń rà, tàbí kó já wálẹ̀ nítorí pé náírà já. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020, ẹrù oko bàjẹ́ mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́ láìjẹ́ pé òjò ṣẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo níbẹ̀ lóṣù karùn-ún 2023, kpayo tí à ń rà lẹ́bàá ọ̀nà gbówó lórí. Epo yẹn kan náà ni ọkọ̀ akérè oko ń lò, òun náà ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń fa omi sí oko tòmátì ń mu. Ajílẹ̀ ní tiẹ̀ gbówó lórí nígbà tí ogun Ukraine bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2022.

Kí ni wọ́n ní kí àgbẹ̀ ṣe, kí sì ló ń fa awuyewuye?

Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ jù ni irúgbìn tó ń tètè gbó. Àgbàdo àtijọ́ lè gba ọjọ́ 120. Àwọn tí ilé ìwádìí iṣẹ́ oko méjì, IITA ní Ìbàdàn àti INRAB níbí, ti mú jáde wà tó ń gbó láàárín ọjọ́ 80 sí 95, tí àwọn kan nínú wọn sì ń fara da ọ̀gbẹlẹ̀. Àwọn tó fara mọ́ ọn ní ó ń sá jáde kí òjò tó tán. Àwọn ìyá tó ń ṣe àkàsà ní ọ̀rọ̀ mìíràn: wọ́n ní èèpo àwọn kan ò bo orí dáadáa, kòkòrò ń tètè wọ̀ ọ́ nínú àká, àti pé àgbàdo ilé dùn jù ú lọ. Ẹni tó ń gbin díẹ̀ nínú méjèèjì pọ̀ ju bí àwọn ìwé ìmọ̀ràn ṣe rò lọ.

Èkejì ni ìkìlọ̀ ojú ọjọ́. Météo-Bénin, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojú ọjọ́, ń sọ bí ìgbà òjò ṣe máa rí kó tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àsọtẹ́lẹ̀ fún agbègbè ńlá ni: “ó ṣeé ṣe kí òjò pẹ́ kó tó dé”. Àgbẹ̀ ń fẹ́ mọ̀ bóyá òjò á rọ̀ lóko òun ní ọjọ́ Jímọ̀. Èdè pẹ̀lú wà ńbẹ̀. Faransé ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì máa ń já kù lọ́nà kó tó di Yorùbá lórí rédíò.

Ẹ̀kẹta, tí gbogbo ènìyàn gbà pé ó dára tí kò sì sẹ́ni tó fẹ́ sanwó rẹ̀, ni omi. Fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo oko wa, òjò nìkan ló ń mu. Ní Kétu, omi jìn sábẹ́ ilẹ̀, kàǹga gbígbẹ́ ń jẹ owó. Ní Songhaï, ibùdó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ oko tí fadá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ lọ́dún 1985, wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ láti fi pàǹtírí oko àti ìgbẹ́ ẹran ṣe ajílẹ̀ tó ń jẹ́ kí ilẹ̀ di omi mú. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kíkó koríko gbígbẹ bo ojú oko sarè mẹ́ta kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ní Ṣábẹ, àwọn tó ń gbin iṣu ti ń fi ewé dé orí ebè kí oòrùn má baà se iṣu nínú rẹ̀ láti ayébáyé. Kajú wọn ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí, nítorí òjò tàbí ìkùukùu tó bá dé lásìkò ìtànná, nígbà tó yẹ kó jẹ́ ọyẹ́ nìkan, ń jẹ́ kí òdòdó rẹ̀ jẹrà.

Ọ̀pẹ ńkọ́?

Ọ̀pẹ kì í sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n nà án. Ní Pobẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí ọ̀pẹ láti ọdún 1922, ohun tí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ mọ̀ ni pé bí ọdún méjì kí ìdì ẹyìn tó pọ́n ni ọ̀pẹ ti ń pinnu bóyá akọ ni òdòdó rẹ̀ máa jẹ́ tàbí abo. Bí omi bá wọ́n nígbà náà, akọ ló ń pọ̀ jù, akọ kì í sì í so. Òjò ibẹ̀, tó ń tó bíi milimítà 1,200 lọ́dún, kéré sí 1,800 tí ọ̀pẹ fẹ́ kó tó lè gbádùn ara rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹyìn bá wọ́n lọ́dún tí òjò ń rọ̀ dáadáa, tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ṣe é lórí WhatsApp, ìwé òjò ọdún méjì sẹ́yìn ni ká kọ́kọ́ lọ ṣí.